Iṣẹ́ abẹ ìbímọ: Báwo la ṣe lè dín in kù láì fi ẹ̀mí ìyá àti ọmọ wewu?

Àdúrà tí a máa ń gbà fún aláboyún ni pé ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Ṣùgbọ́n láyé ìsinsìnyí, ọ̀pọ̀ ìdílé ti so àdúrà kejì mọ́ ọn: pé kí obìnrin náà bí fúnra rẹ̀, kí dókítà má fi abẹ kàn án. Láti Ajara dé Topo, láti Seme dé àwọn abúlé etí òkun ní erékùṣù Gberefu, kò sí agbolé tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ìbímọ, tí gbogbo èèyàn ń pè ní CS, kò kàn.

Ìbẹ̀rù yẹn nídìí. Àwọn iṣẹ́ abẹ kan wà lágbàáyé tí kò yẹ kó wáyé rárá. Àmọ́ ìbẹ̀rù kan náà ló ń lé àwọn obìnrin kan kúrò ní ọsibítù lọ síbi tí kò sí ẹ̀jẹ̀, tí kò sí dókítà, tí wọ́n á wá sáré gbé wọn dé nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nìyí: ohun tó ń dín iṣẹ́ abẹ kù láì léwu, kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà ìrọbí ni wọ́n ń ṣe é. Kì í ṣe ìgbà tí dókítà bá ti sọ pé abẹ ló kù ni èèyàn máa sá lọ.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń ṣe CS jù?

Ó da ibi tí a bá wò. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nínú ìbímọ 100 lágbàáyé, 21 ló jẹ́ ti abẹ, àti pé tó bá fi máa di 2030, ó lè tó 29. Ní Brazil, Egypt, Turkey, Cyprus àti Dominican Republic, àwọn ọmọ tí wọ́n fi abẹ gbà pọ̀ ju àwọn tí ìyá wọn bí lójú ara lọ.

Nàìjíríà ò sí nínú àwọn yẹn. Ìwádìí ìjọba lórí ètò ìlera àti iye ènìyàn, tí wọ́n ń pè ní NDHS, ti ọdún 2018 fi hàn pé bíi 3 péré nínú ọmọ 100 ni wọ́n fi abẹ gbà lórílẹ̀-èdè wa. WHO sì sọ lọ́dún 2015 pé bí iye náà ṣe ń gòkè títí dé 10 nínú 100, ikú ìyá àti ìkókó máa ń dín kù. Tó bá ti ju 10 lọ, kò sí ẹ̀rí pé ikú tún ń dín sí i.

Ẹ jẹ́ ká rò ó pọ̀. 3 kéré sí 10 gan-an ni. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ obìnrin tó yẹ kó rí iṣẹ́ abẹ gbà ni kò rí i. Ní 2023 nìkan, ìṣirò WHO àti àwọn àjọ mìíràn ní àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé sọ pé bíi 75,000 obìnrin ló kú nítorí oyún tàbí ìbímọ ní Nàìjíríà. Ó lé ní ìdá mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ lágbàáyé.

Ṣùgbọ́n ìṣirò gbogbo orílẹ̀-èdè ni 3 yẹn. Àwọn olówó àti ará ìlú ńlá ń rí CS gbà ju tálákà àti ará abúlé lọ dáadáa. Nínú ọsibítù ńlá, iye náà máa ń ga, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé àwọn tí ìrọbí wọn ti le lọ. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí obìnrin kan kú ní abúlé torí pé kò rí abẹ, kí òmíràn nígboro sì gba abẹ tí kò nílò. WHO fúnra rẹ̀ sọ ọ́ pé kí ọsibítù má máa lé iye kan. Ohun tó yẹ ni pé kí gbogbo ẹni tó nílò rẹ̀ rí i gbà.

Ìgbà wo ni abẹ di dandan?

Àwọn ìgbà kan wà tí kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Bí ibi ọmọ bá jókòó bo ẹnu ilé ọmọ, ọmọ ò rọ́nà kọjá, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ya. Bí ọmọ bá dábùú nínú títí ìrọbí fi dé. Bí okùn ìwọ́ ọmọ bá ṣáájú jáde. Bí ọkàn ọmọ ò bá lù dáadáa mọ́, tí kò sì ní pẹ́ bọ́ sórí. Bí orí ọmọ ò bá lè gba egungun ìbàdí ìyá kọjá. Bí gìrì aláboyún bá mú ìyá, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn láti tètè gba ọmọ.

Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, abẹ ni ìyá àti ọmọ fi ń yè. Obìnrin tó bá gbà á kò ṣe ọ̀lẹ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò "bí" ọmọ rẹ̀.

Kí wá ni ewu tó wà nínú abẹ tí kò pọn dandan?

Iṣẹ́ abẹ ńlá ni CS. Ẹ̀jẹ̀ lè ya jù, kòkòrò lè wọ ojú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Ara ìyá á pẹ́ kó tó bọ̀ sípò. Nínú oyún tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà, ibi ọmọ lè lọ jókòó sórí àpá abẹ àtijọ́, kó wọnú ẹran ilé ọmọ débi pé yíyọ ọ́ á di wàhálà. Bí abẹ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ewu yẹn ń pọ̀ sí i.

Ní tiwa nílẹ̀ Áfíríkà, ọ̀rọ̀ náà tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 22 ní Áfíríkà, tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet Global Health ní 2019, wo obìnrin 3,684 tí wọ́n ṣe CS fún. Bíi 5 nínú 1,000 ló kú. Ìyẹn tó ìlọ́po 50 iye tó ń kú ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé wọ́n ti ní ìṣòro kí wọ́n tó dé ọsibítù, ẹ̀jẹ̀ yíya ló sì ń pa ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà lójú méjì: ká má ṣe abẹ tí kò yẹ, kí èyí tó yẹ náà má pẹ́.

Ẹni tó dúró ti obìnrin nígbà ìrọbí

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti dán wò láti dín CS kù, eléyìí ni kò náni lówó púpọ̀, ilẹ̀ wa níbí sì ni wọ́n ti dán an wò. Ní ọsibítù UCH ní Ìbàdàn, Dókítà Imran Morhason-Bello àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ pín àwọn obìnrin tó wá bímọ sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan rọbí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Àwọn kejì mú ẹnì kan tí wọ́n fẹ́ràn dání, tó dúró tì wọ́n títí ọmọ fi dé. Ọkọ ló pọ̀ jù nínú àwọn alábàárìn yìí.

Èsì ìwádìí náà jáde ní 2009, lórí obìnrin 585. Àwọn tí kò sẹ́ni tó dúró tì wọ́n bọ́ sọ́wọ́ abẹ ní bíi ìlọ́po márùn-ún ju àwọn tó lẹ́nìkan lọ. Ìrọbí wọn pẹ́ jù, ìrora wọn sì pọ̀ jù.

Kì í ṣe Ìbàdàn nìkan. Ní 2017, wọ́n kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ 26 jọ láti orílẹ̀-èdè 17, lórí obìnrin tó lé ní 15,000. Níbi tí ẹnì kan bá ti dúró ti obìnrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, iṣẹ́ abẹ dín ní bíi ìdá mẹ́rin.

Kí ló fà á? Ẹ̀rù àti àìnífọ̀kànbalẹ̀ máa ń mú kí ìrọbí fà sẹ́yìn. Ẹni tó wà níbẹ̀ á fọwọ́ ra ẹ̀yìn obìnrin náà, á fún un lómi, á mú un rìn, á sì pe nọ́ọ̀sì bí nǹkan bá yí padà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo bá ń tọ́jú obìnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún, ojú kún ojú ló máa ń dára.

Ìṣòro tó wà ni pé nínú ọ̀pọ̀ ọsibítù ìjọba, yàrá kan náà ni gbogbo wọn jọ ń rọbí, kò sì sí aṣọ ìkélé láàárín bẹ́ẹ̀dì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí ọkọ dúró síta. Ṣùgbọ́n aṣọ ìkélé ò wọ́n tó owó iṣẹ́ abẹ kan. Bí wọn ò bá sì gba ọkùnrin láyè, ẹ béèrè bóyá ìyá, ẹ̀gbọ́n obìnrin tàbí ìyá ọkọ lè wọlé.

Sùúrù tó ń ṣọ́nà

Tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìrọbí ni pé ẹnu ilé ọmọ gbọ́dọ̀ máa ṣí sẹ̀ǹtímítà kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti fà sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n á ní ìrọbí ò lọ dáadáa. Ní 2018, WHO sọ pé òdiwọ̀n yẹn le jù fún ọ̀pọ̀ obìnrin. Sẹ̀ǹtímítà 5 ni ìrọbí gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. Látibẹ̀, kì í sábà ju wákàtí 12 lọ fún ẹni tó ń bí àkọ́bí, tàbí wákàtí 10 fún ẹni tó ti bímọ rí. Bí ara ìyá bá dá, tí ọkàn ọmọ sì ń lù dáadáa, pé ìrọbí ń rọra lọ nìkan kò tó ìdí láti sáré gbé abẹ.

Àmọ́ sùúrù yìí kì í ṣe ká fi obìnrin sílẹ̀ ká lọ sùn o. Nígbà tí ìrọbí bá ti gbóná, ó yẹ kí nọ́ọ̀sì máa gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù ní ìṣẹ́jú 15 sí 30. Tó bá di ìgbà tí ìyá ń rin ọmọ jáde, kó máa gbọ́ ọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún. Ní 2020, WHO gbé ìwé ìṣọ́nà ìrọbí tuntun jáde, níbi tí wọ́n á ti máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan bóyá obìnrin náà lẹ́nìkan lọ́dọ̀ rẹ̀ àti bóyá ó mu omi.

Bí obìnrin ṣe wà náà ṣe pàtàkì. Àwọn baba ńlá wa ò ṣàdédé pe ìbímọ ní ìkúnlẹ̀ abiyamọ. Ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ń bímọ nígbà náà, wọn kì í dùbúlẹ̀ gbalaja. WHO náà ní kí obìnrin tó ń rọbí máa rìn, kó jókòó, kó kúnlẹ̀ tàbí kó wà bó bá ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ọmọ tó fi ìdí tàbí ẹsẹ̀ ṣáájú ńkọ́? A mọ̀ pé ọmọ tó fẹsẹ̀ wáyé la ń pè ní Ìgè. Lóde òní, ó sábà máa ń já sí abẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tètè mọ̀, dókítà tó mọ̀ ọ́n ṣe lè fi ọwọ́ yí ọmọ náà láti orí ikùn ní bíi ọ̀sẹ̀ 36 tàbí 37, nínú ọsibítù tó ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Kì í ṣe ohun tí èèyàn á fi epo ra nílé o. Ìdí kan nìyí tí lílọ fún àyẹ̀wò oyún títí dé ìparí fi ṣe kókó.

Ojú kejì àti ìwé ìṣirò

Wọ́n dán ọ̀nà mìíràn wò ní Argentina, Brazil, Cuba, Guatemala àti Mexico, ní ọsibítù 34. Kí wọ́n tó ṣe CS tí kì í ṣe pàjáwìrì, dókítà kejì gbọ́dọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Èsì tó jáde ní 2004 fi hàn pé CS dín ní bíi 7 nínú 100, ìyá àti ọmọ ò sì torí ẹ̀ rí ewu kankan. Kò pọ̀, àmọ́ fún ìdílé méje yẹn, kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ọ̀nà mìíràn ni ètò ìpínsọ́wọ̀ọ́ tí Michael Robson, dókítà kan, gbé jáde ní 2001. Ó pín gbogbo obìnrin tó wá bímọ sí ọ̀wọ́ 10: àkọ́bí tí ìrọbí rẹ̀ dé fúnra rẹ̀, ẹni tí wọ́n fi oògùn fa ìrọbí rẹ̀, ẹni tó ti ṣe abẹ rí, oníbejì, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọsibítù á wá wò ó pé ọ̀wọ́ wo ni abẹ ti ń pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ láàárín àwọn tó ń bí àkọ́bí, tí kò sí ìṣòro lára wọn, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà, torí abẹ àkọ́kọ́ ló sábà máa ń fa èkejì.

Bí mo bá ti ṣe abẹ rí, ṣé mo tún lè bí lójú ara?

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ obìnrin lè ṣe é. Nínú àwọn tí dókítà bá yẹ̀ wò tó sì fọwọ́ sí i, bíi 7 nínú 10 ló máa ń bí láì sí abẹ. Dókítà á wo ìdí tí wọ́n fi ṣe ti àkọ́kọ́, ibi tí wọ́n gé nínú ilé ọmọ, àti bó ṣe pẹ́ tó.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ojú àpá yẹn lè ya nígbà ìrọbí. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí bíi ẹnì kan nínú 200. Bó bá ṣẹlẹ̀, ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ka ẹ̀mí ìyá àti ọmọ. Nítorí náà, ẹni tó ti ṣe CS rí ò gbọdọ̀ bímọ nílé, ní ilé àdúrà tàbí lọ́dọ̀ ìyá agbẹ̀bí ìbílẹ̀. Ọsibítù tó ní dókítà, ẹ̀jẹ̀ àti yàrá iṣẹ́ abẹ ni kó lọ.

Owó, ìwé àti ọ̀nà

Ọ̀pọ̀ tó ń sá fún abẹ, owó rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń sá fún. Ẹ̀yin tí ẹ ní ará ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, lè ti gbọ́ pé ìjọba Benin bẹ̀rẹ̀ CS ọ̀fẹ́ ní oṣù kẹrin 2009, tí ìjọba ń san 100,000 owó sẹ́fà fún ọsibítù lórí ìkọ̀ọ̀kan. Lọ́dọ̀ wa, ìpínlẹ̀ Ondo ṣí ọsibítù ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́ ní 2010, níbi tí ìtọ́jú àti abẹ ti jẹ́ ọ̀fẹ́ nígbà náà. Nígbà tó yá, wọ́n tún gbé ètò Agbẹ̀bíyè kalẹ̀, tí àwọn ìyá agbẹ̀bí ìbílẹ̀ fi ń rí ẹ̀bùn gbà nígbà náà bí wọ́n bá mú aláboyún wá sí ọsibítù.

Ní oṣù kọkànlá 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde CS ọ̀fẹ́ fún obìnrin tí kò lówó lọ́wọ́, nípasẹ̀ àjọ adójútòfò ìlera, NHIA. Ẹ béèrè bóyá ọsibítù tí ẹ forúkọ sílẹ̀ sí wà nínú rẹ̀, ọ́fíìsì tó ń rí sí ìrànlọ́wọ́ aláìsàn nínú ọsibítù ni kí ẹ lọ. Ẹ tún wádìí ètò Ìlera Èkó ti ìpínlẹ̀ wa kí oyún tó dàgbà.

Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sọ pé kò sí ọsibítù tó gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, nítorí ohun yòówù kó jẹ́. Òfin náà ní kí wọ́n ṣàlàyé ìtọ́jú fún aláìsàn ní èdè tó gbọ́, ì báà jẹ́ Yorùbá tàbí Ògù. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má jẹ́ kó di pé wọ́n ń wá yín kiri kí ẹ wá fọwọ́ síwèé. Ẹ sọ èrò yín fún ìyàwó yín ṣáájú, kó lè fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀.

Àwọn tó ń gbé òdìkejì ọ̀sà, ẹ bá ọlọ́kọ̀ ojú omi kan sọ̀rọ̀ ṣáájú pé òru lè dé o. Àwọn tó wà lójú títì, ẹ gba nọ́ńbà onímọ́tò méjì sílẹ̀. Ẹ sì wá ẹni méjì tó lè fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ bí ó bá di dandan.

Ìbéèrè tí ẹ lè bi nọ́ọ̀sì ní àyẹ̀wò tó ń bọ̀

- Ṣé ẹnì kan lè wà pẹ̀lú mi nígbà ìrọbí? Bí ọkọ mi ò bá lè wọlé, ta ló lè wọlé?
- Ṣé mo lè máa rìn, kí n sì mu omi?
- Bí wọ́n bá ní abẹ ló kù, kí ni ìdí rẹ̀? Ṣé pàjáwìrì ni, àbí àyè wà kí dókítà àgbà tún wò ó?
- Bí ọmọ mi bá fi ìdí ṣáájú, ta ló mọ̀ ọ́n yí?
- Bí wọ́n bá ní kí wọ́n gbé mi lọ ibòmíràn, ibo ni, ọkọ̀ wo ló sì máa gbé mi?

Bí wọ́n bá dá yín lóhùn pé pàjáwìrì ni, tí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìpàdé ẹbí dá wọn dúró.

Ẹ má dúró di àárọ̀ bí aláboyún bá ń ṣẹ̀jẹ̀, bí gìrì bá mú un, bí orí bá ń fọ́ ọ gidigidi tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, bí ọmọ ò bá mira mọ́, tàbí bí omi tó já bá ní àwọ̀ ewé tàbí tó ń rùn. Ọsibítù ló kàn.

Bí ẹ bá ń ka èyí lórí fóònù, tí ẹ sì mọ aláboyún tàbí ìyá agbẹ̀bí kan tí kò mọ̀wé kà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sí i létí.